Owó Káńsù Nìkan Kọ́ Ló Ń Fẹ́ Òmìnira

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí ariwo rẹ̀ gba gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kan. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà: gómìnà kankan kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, owó káńsù gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tó ni ín, ìgbìmọ̀ afìdíhẹ tí gómìnà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ kò sì bá òfin mu. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí i, inú tiwa náà dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kò gbé síwájú àwọn adájọ́ lọ́jọ́ náà: bí owó bá dé ọwọ́ alága káńsù tán, ta ló gbé alága náà dé orí àga? Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìdajì iṣẹ́ ni ìdájọ́ náà ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fẹ́ díje fún ipò kánsẹ́lọ̀ tàbí alága bá ṣì ní láti kọ́kọ́ gba ojú rere gómìnà àti ti baba ìsàlẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùdìbò, ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn án ni owó náà yóò padà sí, ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ṣeé jiyàn. Ní Èkìtì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ APC tó ń ṣèjọba níbẹ̀ gba ipò alága ní gbogbo káńsù 38, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ìwé òfin mọ̀ àti 22 tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP tí gómìnà wà nínú rẹ̀ kó gbogbo 33. Ògùn tẹ̀lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún náà: APC, 20 nínú 20. Oǹdó, oṣù Kìíní ọdún 2025: APC, 18 nínú 18. Ọ̀ṣun, oṣù Kejì ọdún 2025: PDP tó wà lórí àlééfà nígbà náà, 30 nínú 30. Èkó ló wá kádìí rẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025: APC gba alága 57 nínú 57, ó sì gba kánsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ipò kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo tó bọ́ sọ́wọ́ PDP wà ní Yaba. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ipò alága 196, ẹgbẹ́ gómìnà ló gba gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan.

Àwọn tó ń gbèjà irú èsì báyìí ní àlàyé, àlàyé náà kò sì gọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló ní àwọn èèyàn ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní aráàlú mọ̀ pé káńsù tó bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ gómìnà ni yóò tètè rí ọ̀dà sí títì. Wọ́n tún ní bí ìfẹ́ tí aráàlú ní sí ẹgbẹ́ kan bá tàn káàkiri lọ́gbọọgba, ẹgbẹ́ náà lè borí níbi gbogbo pẹ̀lú ìwọ̀nba ìbò díẹ̀, láìsí màgòmágó kankan. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí àlàyé náà kò lè ṣe ni kí ó bá ìdìbò mìíràn tí àwọn olùdìbò kan náà dì ní ìpínlẹ̀ kan náà mu. Ní Ògùn, nínú ìdìbò gómìnà ti oṣù Kẹta ọdún 2023, Dapo Abiodun ti APC ní ìbò 276,298, Ladi Adebutu ti PDP ní 262,383. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 14,000. Kí ọdún méjì tó pé, alátakò kò rí káńsù kan ṣoṣo mú nínú 20. Ní Ọ̀yọ́, Bola Tinubu ti APC ni aráàlú dìbò fún jù nínú ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023. Ìbò rẹ̀ jẹ́ 449,884, Atiku Abubakar ti PDP sì ní 182,977. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn yẹn gan-an dá Seyi Mákindé ti PDP padà sípò gómìnà. Ẹni tó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ẹgbẹ́ méjì sọ́tọ̀ bí èyí mọ ohun tó ń ṣe níwájú àpótí ìbò. Kí ló dé tí ọgbọ́n náà fi ń pòórá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan alága káńsù?

Ti Èkó ló ya ni lẹ́nu jù, nítorí ibẹ̀ ni àlàyé pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ kan tàn káàkiri ti fọ́ pátápátá. Peter Obi ti Labour Party ló borí ní Èkó nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606 ti Tinubu. Ìbò Labour Party kò tàn káàkiri lọ́gbọọgba rárá. Àwọn àdúgbò kan ni ó ti lágbára jù, ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi gba àga Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Eti-Osa, ní Amuwo-Odofin àti ní ẹkùn kejì Oshodi-Isolo. Bí ìdìbò káńsù bá jẹ́ ìdìbò lóòótọ́, àdúgbò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí alátakò ti rí káńsù kan gbà. Kò rí i. A kò sọ pé gbogbo ìbò tí APC ní lọ́jọ́ náà jẹ́ ayédèrú. Ọ̀pọ̀ olùdìbò kò jáde rárá, gbogbo ojú ló sì rí i. Àìjáde wọn gan-an ni ẹ̀rí tiwa: aráàlú ti gbà pé wọ́n ti kọ èsì náà sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́.

Ìdìbò káńsù kan wà ní Nàìjíríà tí kò sí lábẹ́ gómìnà, torí pé ibi tí wọ́n ti ń dì í kò ní gómìnà. Olú-ìlú Àbújá ní káńsù mẹ́fà, INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ló sì ń ṣètò ìdìbò wọn. Nínú ìdìbò ti ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2022, nígbà tí APC ń ṣàkóso ìjọba àpapọ̀, tí mínísítà tó ń bójú tó Àbújá sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, INEC kéde pé PDP gba káńsù mẹ́ta, APC gba mẹ́ta. INEC kì í ṣe áńgẹ́lì. Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ 2023 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa. Síbẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń ka ìbò kò bá jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń díje, èsì máa ń jọ ìlú tó ti wá.

Inú ìwé òfin ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Abala 7 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ṣèlérí pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn ni yóò máa ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Abala 197 dá àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣètò ìdìbò náà. Abala 198 sì fi yíyan alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ àjọ náà sọ́wọ́ gómìnà, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kàn fọwọ́ sí i. Ilé aṣòfin tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gómìnà ṣọ̀wọ́n láti dá orúkọ kankan padà. Gómìnà náà ló ń fún àjọ yìí lówó, òun ló ń gbà kí wọ́n mú ọjọ́ ìdìbò. Ká tó wá dé orí olùdíje: abala 221 sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè polongo ìbò, nítorí náà olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ tí gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ̀ fẹ́ kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Nínú ẹgbẹ́, ó gbọ́dọ̀ ra fọ́ọ̀mù, kó sì rí àwọn àgbà ẹgbẹ́. Bí ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé bá dé, wọ́n lè sọ fún un pé ìfohùnṣọ̀kan ni ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe, pé kó fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Òfin ìdìbò ti ọdún 2022 ti sọ ní abala 84 pé ìfohùnṣọ̀kan kò lè wáyé láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń du ipò náà fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà, pé àwọn yọ̀ǹda. Nínú òṣèlú wọ́ọ̀dù, ìfohùnṣọ̀kan túmọ̀ sí ìpè orí fóònù láàárín òru.

Ká sọ pé olùdíje náà la gbogbo èyí já, ó sì wọlé. Ipò rẹ̀ kò tíì dá a lójú. Ní Ọ̀yọ́, àwọn alága káńsù tó wọlé lábẹ́ APC ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni gómìnà tuntun lé lọ́jọ́ tó gorí àlééfà, ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019. Ó tó ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021 kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ pé lílé tí wọ́n lé wọn kò tọ́, tí ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù wọn àti ogún mílíọ̀nù náírà owó ìnáwó ẹjọ́. Àkókò tí aráàlú fún wọn ti lọ. Owó oṣù tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún wọn kò lè dá ọjà tí wọn kò kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tí wọn kò tún ṣe padà fún ẹnikẹ́ni.

Ti Ọ̀ṣun burú ju èyí lọ, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Adémọ́lá Adélékè ti PDP borí nínú ìdìbò gómìnà. Kó tó di pé wọ́n búra fún un ní oṣù Kọkànlá, ìjọba tó ń lọ sáré ṣètò ìdìbò káńsù ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá. PDP kò bá wọn dá sí i, APC sì kó gbogbo ipò. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹjọ́ kan sí òmíràn, ìdájọ́ ń tako ìdájọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ikọ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì forí gbárí níwájú sẹkitéríàtì káńsù, ẹ̀mí sì bọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ìjọba tuntun dì ìdìbò tirẹ̀. Ní tiwọn náà, APC kò bá wọn dá sí i, PDP sì kó gbogbo ipò. Ẹ wo bí ìdìbò méjèèjì ṣe jọra. Ẹgbẹ́ méjì tó ń bú ara wọn ní olè ló lo irinṣẹ́ kan náà láàárín ọdún mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé tòun ló bófin mu. Bẹ́ẹ̀ ni owó káńsù Ọ̀ṣun há sí Àbújá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn kan láàárín wa gbà gbọ́ pé fífi owó na káńsù tí ìdìbò rẹ̀ mẹ́hẹ ni yóò kọ́ gómìnà lọ́gbọ́n. Ọ̀ṣun ti fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìyá ọlọ́jà àti aláboyún tó ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni pàṣán náà ń bà. Gómìnà kò pàdánù oúnjẹ alẹ́ kan. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí ìjọba àpapọ̀ máa fi owó ṣe ìdájọ́ lórí ìdìbò. Ìdìbò gan-an ni kí a tún ṣe.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn gómìnà ni wọ́n jẹ̀bi jù, ti APC àti ti PDP lápapọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. PDP tó ń ké ìrẹ́jẹ ní Èkó ló kó gbogbo rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. APC tó ń ké ìrẹ́jẹ ní Ọ̀ṣun ló kó gbogbo rẹ̀ ní Ògùn. Ẹ̀bi wà lórí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, tí iṣẹ́ wọn ni láti yẹ orúkọ wò, tí wọ́n sì sọ ọ́ di pàtẹ́wọ́. Ó wà lórí àwọn ẹgbẹ́ alátakò tí ìgbésẹ̀ wọn kì í kọjá kí wọ́n sọ pé àwọn kò bá wọn dá sí i. Kíkọ ìdìbò sílẹ̀ lè jẹ́ ìwọ́de lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá di àṣà, ó ń gba olùdíje kékeré ní àǹfààní láti kọ́ iṣẹ́ ìpolongo, ó sì ń gba ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀rí. Ó kan àwa oníròyìn náà. Ojú ewé tí a ń yà sọ́tọ̀ fún ìjà gómìnà àti sẹ́nétọ̀ pọ̀ ju èyí tí a ń fún ọmọ wọ́ọ̀dù tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ lọ, a sì máa ń kéde èsì 57 nínú 57 bí ẹni ń kéde ojú ọjọ́.

Àwọn kan yóò ní ṣé nítorí káńsù ni gbogbo ariwo yìí, nígbà tó jẹ́ pé agbára gidi wà lọ́wọ́ gómìnà àti ààrẹ? Kí wọ́n ka àfikún kẹrin nínú ìwé òfin náà. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ẹran, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti ẹni tó kú sílẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, ìpín nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera: káńsù ni gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìbí àti ikú, kò sí ìjọba tí aráàlú ń bá pàdé tó o. Káńsù sì ni ibi tí ẹni tí kò lówó, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Àbújá, lè ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú. Òfin Not Too Young to Run tí Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018 dín ọjọ́ orí tí èèyàn lè fi díje fún Ilé Aṣojú-ṣòfin àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kù sí ọdún 25. Kò dín iye owó fọ́ọ̀mù kù. Fún ìdìbò 2023, fọ́ọ̀mù gómìnà nínú APC jẹ́ àádọ́ta mílíọ̀nù náírà, ti ààrẹ jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ọ̀dọ́ tí kò bá rí ẹsẹ̀ gbé lé wọ́ọ̀dù kò ní ibòmíì tí yóò gbé e lé, àfi ẹ̀yìn ẹni tó lówó.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdìbò káńsù. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1952, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ẹ̀ka náà, mú kí àwọn tí aráàlú dìbò yàn pọ̀ ju àwọn tó jókòó nípò àbáláyé lọ nínú ìgbìmọ̀. Àtúnṣe ọdún 1976 sọ káńsù di ìpele kẹta ìjọba ní gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n dì ìdìbò káńsù láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú rárá, olùdíje kọ̀ọ̀kan dúró fún ara rẹ̀. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1996. A kò fẹ́ kí ológun padà wá kọ́ wa ní ìjọba tiwa-n-tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní olùdíje aláìlẹ́gbẹ́ kò ṣeé ṣe ní Nàìjíríà gbàgbé pé a ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń ṣe é lónìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Peckham, tó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, lè díje fún ipò kánsẹ́lọ̀ ní Southwark láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí olùdìbò méjì ní wọ́ọ̀dù náà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sí owó ìdógò. Àwọn ọmọ Yorùbá ti wọlé báyìí sí káńsù Lọ́ńdọ́nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó burú pé ó rọrùn fún ọmọ Ìjẹ̀bú láti díje ní Southwark ju kó díje ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ sí èrò wa ti ọ̀dọ̀ àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún wá. Wọ́n ní ẹkùn tó ń jà fún àtúntò Nàìjíríà, tó ń sọ pé agbára Àbújá ti pọ̀ jù, kò lè tún máa bẹ Àbújá kó wá dì ìdìbò káńsù fún òun. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe ètò ìdìbò tí Adájọ́ Àgbà tẹ́lẹ̀rí, Muhammadu Uwais, ṣe alága rẹ̀, tó gbé àbọ̀ rẹ̀ fún ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, dámọ̀ràn pé kí àwọn àjọ ìpínlẹ̀ wọnú INEC. Ìdámọ̀ràn náà tún padà sórí tábìlì lẹ́yìn ìdájọ́ ọdún 2024. Àwa kò fẹ́ kó jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá gbé ìdìbò Ìlá-Ọ̀ràngún lọ sí Àbújá lónìí lè gbé ìdarí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n a kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtúntò di agboòrùn tí gómìnà ń sá sí. Ìpínlẹ̀ tó ń bèèrè òmìnira lọ́wọ́ Àbújá, tí kò fún káńsù tirẹ̀ ní òmìnira ẹyọ ìbò kan, ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ohun kan wà nínú àbọ̀ Uwais tí ìpínlẹ̀ lè mú láìfi ohunkóhun ránṣẹ́ sí Àbújá: ìdámọ̀ràn pé kí ipò alága INEC jẹ́ èyí tí wọn yóò polówó rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ yẹ àwọn tó bá bèèrè wò, kó má jẹ́ pé ààrẹ ló ń yan adájọ́ ìdíje tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni a ní kí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi bẹ̀rẹ̀ kí sáà káńsù tó wà níbẹ̀ báyìí tó parí. Títí di ìgbà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi tún abala 198 ṣe, kò sí òfin tó dí gómìnà lọ́wọ́ láti polówó ipò náà, kí ó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ti àwọn olùkọ́ àti ti àwọn oníròyìn, kí ilé aṣòfin sì bi wọ́n ní ìbéèrè níwájú aráàlú. Ẹni tó bá ti di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú láàárín ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ sí lára wọn. Owó àjọ náà gbọ́dọ̀ máa tinú àpò ìpínlẹ̀ jáde tààrà, bí ti ilé-ẹjọ́, kí alága àjọ má baà máa lọ jókòó sí gbàgede gómìnà láti tọrọ owó káàdì ìbò. Ọjọ́ ìdìbò kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí gómìnà ń yàn nígbà tó bá wù ú. Kí òfin ìpínlẹ̀ so ó mọ́ ọjọ́ kan, oṣù mẹ́ta kí sáà tó parí, kí ìgbìmọ̀ afìdíhẹ má rí àyè wọlé mọ́.

Ní ti èsì ìbò, àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n rárá. Láti ọdún 2020 ni INEC ti ń gbé àwòrán ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IReV. Bí ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀ ṣe hàn ní 2023 tó, ìwé náà ni alátakò fi ń lọ sílé-ẹjọ́. Kí gbogbo àjọ ìpínlẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí olùdíje tó bá ní òun pàdánù mọ ibùdó tí òun ti pàdánù àti iye ìbò. Kí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò káńsù parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí àwọn adájọ́ rẹ̀ sì wá láti ọwọ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀.

Ní ti olùdíje fúnra rẹ̀, a rọ ilé aṣòfin àpapọ̀ láti tún abala 221 ṣe kí olùdíje aláìlẹ́gbẹ́ lè wà, ó kéré tán fún ipò kánsẹ́lọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìwé ìbò yóò gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. Ẹni tó bá mú ìbuwọ́lù àádọ́ta olùdìbò wá láti wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn yóò sẹ́ àwọn aláwàdà kúrò. Kí àjọ ìdìbò má gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ olùdíje kánsẹ́lọ̀, kí òfin sì sọ pé owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ fún ipò náà kò gbọdọ̀ ju owó oṣù kan tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Nínú ìdìbò abẹ́lé, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, ní gbangba. Bí ẹgbẹ́ bá ní ìfohùnṣọ̀kan ni, kí ó gbé ìwé tí gbogbo àwọn tó yọ̀ǹda fọwọ́ sí fún àjọ ìdìbò, bí òfin ọdún 2022 ti wí.

Bí àwọn gómìnà àti ilé aṣòfin wọn bá jẹ́ kí ìdìbò káńsù tó kàn lọ bí èyí tó kọjá, pẹ̀lú àjọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yàn àti èsì tí ẹnikẹ́ni kò rí ìwé rẹ̀, ìwé ìròyìn yìí yóò fara mọ́ gbígbé ìdìbò náà fún INEC, pẹ̀lú gbogbo iyèméjì tí a ní nípa Àbújá. Ọ̀yọ́ ló lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdìbò tirẹ̀ wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, sáà ọdún mẹ́ta ni ó sì fún àwọn alága rẹ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn gbé àbádòfin lórí yíyan àjọ ìdìbò jáde, kí ó sì pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn lórí rẹ̀.